Áńténà ìta àbí ojú fèrèsé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Iná kọ́ ni wàhálà mi: rọ́tà mi (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì síìmù), 12V, 1A, kò jẹ ju wáàtì 12 lọ, bátìrì 12V 7Ah á gbé e fún bíi wákàtí márùn-ún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Síìmù iléeṣẹ́ méjì kò ní kéèyàn fọkàn balẹ̀, torí bí wọ́n bá jọ wà lórí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń kú. Àpáta tún dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́nà níhìn-ín, nítòsí Olúmọ: -112 dBm (ìwọ̀n agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì; bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe lágbára tó) nínú yàrá, -98 lójú fèrèsé. Ṣé kí n ra áńténà ìta, pẹ̀lú wáyà tí kò ju mítà márùn-ún lọ (wáyà gígùn ń jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì), àbí kí n kàn gbé rọ́tà sójú fèrèsé ti tó? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ òpó tí síìmù kọ̀ọ̀kan ń lò? Ẹ jọ̀ọ́.