Ta ló ń lo rédíò háàmù tòkunbọ̀ ní Abẹ́òkúta? Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìrírí yín

Ọmọ Ìjẹmọ̀
Mo kí gbogbo ẹ̀yin oníháàmù, ẹ̀yin tí ẹ ń fi rédíò tiyín bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, tí ẹ wà ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀. Ìwé-àṣẹ mi ti jáde, mo sì ti ní àmì ìpè tèmi tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń dá lé ẹ̀rọ tuntun kọjá ohun tí apá mi ká. Ọkùnrin kan ní Pánṣẹ́kẹ ní Kenwood TS-430S kan lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1980 sí 1990, ó sì ní kí n wá gbé e. Ó ń gbọ́ ohùn dáadáa nígbà tí ó tàn án lójú mi, ṣùgbọ́n kò sí máìkì lára rẹ̀, nítorí náà a kò lè mọ̀ bóyá ó ń fọhùn jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ẹ̀rọ àtijọ́ rí, kí ni ojú yín rí?

Bàbá Laféńwá
Rà á. Ẹ̀rọ tí ó ti lo nǹkan bí 40 ọdún láyé kì í ṣe àbíkú mọ́.

Onímọ̀-iná Àdátán
Bàbá, ẹ má tíì ní kí ó rà á o. Àbúrò mi, gbé bátìrì ọkọ̀ tí ó kún dáadáa lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, kí o mú mítà tí ń ka wáàtì dání, kí o sì wá ìdènà 50 ohm tí yóò gba agbára ẹ̀rọ náà sára dípò àńtẹ́nà. Nǹkan bí 100 wáàtì ni ó yẹ kí ẹ̀rọ yẹn tú jáde. Bí o bá rí 80 tàbí 90 lórí gbogbo ìgbì, ọkùnrin náà kò purọ́. Bí ó bá ń ṣe dáadáa lórí ìgbì 7 MHz (MHz ni a fi ń ka ìgbì rédíò), tí ó wá kú fin-ín-fin-ín lórí 28 MHz, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù lọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í lo iná Nẹ́pà tààrà, 13.8 fóòtì (volt) ni ó ń jẹ, bí o bá sì ń sọ̀rọ̀, ó lè fa 20 áḿpíà. Bátìrì ínfátà ni mo so tèmi mọ́, wáyà tí ó sì bá ẹ̀rọ náà wá láti òkè òkun tín-ín-rín. Bí mo bá ti la ẹnu, iná kékeré tí ó wà lójú mítà rẹ̀ á wálẹ̀, á tún gòkè nígbà tí mo bá mí, débi pé ẹni tí ó jókòó tì mí ti mọ ìgbà tí mo pe ọ̀rọ̀ tí ó wúwo. Àwọn tí ń gbọ́ mi ní Gánà sọ pé ohùn mi ń gbọ̀n. Nígbà tí mo fi wáyà tí ó nípọn rọ́pò rẹ̀, tí mo sì gé e kúrú, wàhálà náà tán.

Ìyá Adùn, Aṣẹ́rò
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kò ra tèmi, ogún ni mo jẹ. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ra Yaesu FT-101 lọ́wọ́ òyìnbó kan tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tí àwa ọmọ kì í wọ̀. A máa ń gbọ́ wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, tí wọ́n ń pe lẹ́tà àti nọ́ńbà léraléra, ìyá wa á sì ní kí a dákẹ́ ariwo, pé bàbá wa ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, a fi àdìrẹ kan bò ó, kò sì sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún tí ó kọjá, a fẹ́ kun ilé náà, àwọn àbúrò mi sì ní kí a gbé e fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo gbé e lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń tún rédíò ṣe ní Kútọ̀. Nígbà tí wọ́n tú ìdérí rẹ̀, ẹyin ọmọńlé méjì ni a bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíránsífọ́mà, eruku ọyẹ́ sì ti dì mọ́ àwọn fáàfù onígo (ìgò tí ń mú agbára pọ̀ sí i) tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí wọn kò fi hàn mọ́. Nínú ìdérí yẹn gan-an ni bàbá mi lẹ bébà kan mọ́. Wọ́n fi bírò búlúù kọ ibi tí ó yẹ kí a yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sí fún ìgbì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fa ilà pupa sábẹ́ 14 MHz, mo sì mọ̀ pé ìkọ̀wé ọwọ́ wọn ni nítorí bí wọ́n ṣe máa ń kọ 4 láìpa orí rẹ̀ pọ̀.

Bàbá Kútọ̀ kò jẹ́ kí a tì í bọ iná lójú ẹsẹ̀. Wọ́n so gílóòbù kan sójú ọ̀nà iná rẹ̀, gílóòbù náà mọ́lẹ̀ yòò, ó wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni bàbá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ híhó, lẹ́yìn náà a gbọ́ ọkùnrin kan tí ń sọ Faransé. Èmi kò ní ìwé-àṣẹ, gbígbọ́ nìkan ni mo ń gbọ́, n kò fọwọ́ kan máìkì rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹmọ̀
Ẹ kú àmójútó, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni iṣẹ́ gílóòbù yẹn?

Onímọ̀-iná Àdátán
Òun ni ó ń dúró fún ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Bí wáyà kan bá ti kan èkejì níbi tí kò yẹ, gílóòbù ni yóò gba gbogbo iná sára, yóò máa mọ́lẹ̀ láìdẹwọ́, kò sì sí ohun tí yóò jó nínú ẹ̀rọ. Bí ara ẹ̀rọ bá le, yóò mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí àwọn kàpásítọ̀ (ohun tí ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ) ń gba iná sínú, á sì rọlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Adùn ṣe sọ. Irú gílóòbù àtijọ́ tí ń gbóná ni kí o lò, 60 tàbí 100 wáàtì, nítorí pé LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ti ń ṣọ̀wọ́n lọ́jà báyìí.

Mà, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tú ìdérí yẹn o, bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Ó ju 500 fóòtì lọ tí àwọn fáàfù ẹ̀yìn yẹn ń lò, kàpásítọ̀ sì lè fi í pamọ́ sínú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á.

Alhaji Ìtokò
Gílóòbù dára láti fi wá ibi tí iná ti so pọ̀, ṣùgbọ́n kò wo àìsàn kàpásítọ̀. Kàpásítọ̀ tí ó ti lé ní 40 ọdún, tí ó tún sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ooru Abẹ́òkúta, omi inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ àwọn ńlá ibẹ̀ kí ó tó bú gbàù.

Àbúrò Ìjẹmọ̀, bí o bá rí ẹ̀rọ onífáàfù rà, fi ti tíránsísítọ̀, ohun kékeré tí ó rọ́pò fáàfù, sílẹ̀. Bí àńtẹ́nà rẹ kò bá tilẹ̀ bá a mu dáadáa, fáàfù máa ń forí jini, ṣùgbọ́n tíránsísítọ̀ lè jó kí o tó rántí orúkọ rẹ. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé 6JS6C tí ọ̀pọ̀ FT-101 ń lò, fáàfù tẹlifíṣọ̀n ni, wọn kò sì ṣe é mọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé fáàfù 6146 ni òun yóò tì bọ ibẹ̀ tààrà láìṣe àtúnṣe sí inú rẹ̀ kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Alhaji, níbo ni èmi tí mo ń gbé ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé fáàfù sí, níbo ni n ó sì ti rí iná tí yóò máa gbé e? Icom IC-735 ni mo ń lò, bátìrì ni mo fi ń gbé e, mo sì ń dín agbára rẹ̀ kù sí 20 wáàtì kí bátìrì má baà tètè tán. Mo ti bá ará Brazil sọ̀rọ̀ lórí 28 MHz nírọ̀lẹ́.

Bàbá Laféńwá
Brazil ti ibo? Ṣé kì í ṣe ẹnìkan ní Ọ̀tà ni ó ń fi ọ́ ṣeré?

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà
Bàbá mi, ẹ rọra. Oòrùn ni ó ṣe é, kì í ṣe èmi. Agbára oòrùn máa ń gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 11, ó sì dé òkè téńté ní ọdún 2024. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run máa ń dá ìgbì 28 MHz padà sílẹ̀ kí ó má lọ sófo, òkun nìkan ni ó sì wà láàárín àwa àti Brazil. Bí agbára oòrùn bá rẹlẹ̀ tán, n ó padà sórí 7 MHz bíi ti gbogbo ayé.

Bàbá Laféńwá
Mo gba ti oòrùn. 20 wáàtì ni n kò tíì gbà.

Ọmọ Olókùúta, Ìkìjà
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀ wa. Gbogbo ìwé ni ó ń sọ pé kí a gbá irin gígùn wọ ilẹ̀ fún ẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé náà kò gbé lẹ́bàá Olúmọ rí. Mo gbá irin náà, kò ju ìwọ̀n apá ọmọdé lọ tí ó fi kan àpáta, tí ó sì tẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wáyà mẹ́rin ni mo tẹ́ sábẹ́ erùpẹ̀ yí ilé ká, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ti mọ́sálásí. Àńtẹ́nà mi, 20 mítà wáyà fún 7 MHz, kọjá nítòsí wáyà gbohùngbohùn wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣáájú ìrun Ìṣáà, mo tẹ máìkì, mo pe CQ (Síkíù, ìpè tí oníháàmù fi ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbọ́), ohùn mi sì jáde gbangba láti orí òrùlé mọ́sálásí. Lèmọ́mù rán ọmọ kan wá béèrè ẹni tí ń jẹ́ Síkíù.

Alhaji Ìtokò
Ṣé ìwọ ni?! Mo wá kí àna mi ní Ìkìjà lọ́jọ́ náà, mo wà ní sáàfù kejì. Àwọn àgbàlagbà ń wojú ara wọn, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, n kò sì lè rẹ́rìn-ín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà
Alhaji, ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ dá a lóhùn láti inú mọ́sálásí.

Ìyá Adùn, Aṣẹ́rò
Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Báwo ni ẹ ṣe yanjú rẹ̀?

Ọmọ Olókùúta, Ìkìjà
Mo yí àńtẹ́nà náà sí apá kejì àgbàlá, Lèmọ́mù sì gbà kí n yí wáyà gbohùngbohùn wọn ká òrùka dúdú ferrite, tí ń dí ìgbì rédíò lọ́nà, létí ẹ̀rọ wọn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó gbọ́ mi níbẹ̀ mọ́. Ẹ́ẹ̀tì tí mo ṣe wà lára ohun tí ó tún un ṣe.

Onímọ̀-iná Àdátán
Àbúrò, n kò gba èyí tí o sọ gbẹ̀yìn. Àńtẹ́nà wáyà apá méjì tí a so láàárín kò nílò ilẹ̀ láti fọhùn. Sísún tí o sún un kúrò níbẹ̀ àti òrùka yẹn ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí kí iná má baà gbá ọ ni a ṣe ń ṣe ẹ́ẹ̀tì, àti nítorí àrá.

Ọmọ Olókùúta, Ìkìjà
Ẹ̀gbọ́n, kí n tó tẹ́ wáyà wọ̀nyẹn, máìkì ń ta mí létè bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kò ta mí mọ́. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn.

Onímọ̀-iná Àdátán
Ó túmọ̀ sí pé agbára ń gba ara wáyà tí ó so ẹ̀rọ rẹ mọ́ àńtẹ́nà padà wá sílé. Òrùka mìíràn níbi tí wáyà náà ti so mọ́ àńtẹ́nà ni ìwòsàn rẹ̀. Wáyà ilẹ̀ rẹ kàn rí ọ̀nà mìíràn fún un ni.

Alhaji Ìtokò
Ẹ̀yin méjèèjì, bí àrá bá ti ń sán, ẹ yọ àńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó máa jiyàn. Òjò oṣù kẹta sí ìkẹrin kì í kìlọ̀.

Olówó Ọbáńtòkó
Ìyá Adùn, mo ṣetán láti ra FT-101 yẹn. Ẹ dá iye lé e.

Ìyá Adùn, Aṣẹ́rò
Kò sí lọ́jà, sà. Bébà bàbá mi wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni ti ariwo. Bí iná bá wà, híhó ni mo ń gbọ́ lórí 7 MHz láti ìrọ̀lẹ́. Ínfátà tí mo fi ń gbé e kò sì ràn mí lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà
Mà, ínfátà yín gan-an ń pariwo, gílóòbù LED àdúgbò náà ń pariwo, ṣájà fóònù ń pariwo. Àkókò tí mo ń gbádùn jù ni ìgbà tí Nẹ́pà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ, kí ẹnikẹ́ni tó fa jẹnẹrétọ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, mo máa ń gbọ́ àwọn tí n kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Bàbá Laféńwá
Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Nẹ́pà nìyí.

Alhaji Ìtokò
Ìyá Adùn, ẹ kọ́ ohun tí ó yẹ, kí ẹ gba ìwé-àṣẹ, kí ẹ sì fọhùn. FT-101 kò lè dé gbogbo ìgbì tí wọ́n fi kún tiwa lẹ́yìn ìpàdé àgbáyé lórí rédíò ọdún 1979, ṣùgbọ́n 14 MHz tí bàbá yín fa ilà sí wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè máa wá kọ́ yín ní ọjọ́ Àìkú.

Ìyá Adùn, Aṣẹ́rò
Ẹ ṣé, Alhaji. Ẹ máa bọ̀. N ó ṣe ọ̀fadà sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹmọ̀
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti rí bátìrì yá, n ó sì padà lọ bá ọkùnrin Pánṣẹ́kẹ náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Máìkì ni ó kù tí n kò mọ ibi tí n ó ti rí i.

Onímọ̀-iná Àdátán
Ihò mẹ́jọ ni ojú máìkì TS-430S ní, bíi ti ẹ̀rọ tèmi náà. Wá gbé tèmi ní Àdátán kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Ẹtì, kí o sì mú fíúùsì 20 áḿpíà méjì dání.