Iṣẹ́ ọnà láti inú pàǹtí pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé: kí ni a lè ṣe tí kò fi ní padà di pàǹtí?

Olùkọ́ Ìkéré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkéré-Èkìtì. Ọ̀gá wa ti ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan fi ohun tí wọ́n bá ṣà ní àyíká ilé ìwé ṣe iṣẹ́ ọnà kan tí àwọn òbí yóò wá wò ní ìparí sáà. Ohun tí ó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rá piọ́wọ́tà, ìdérí ìgò àti ike mínírà. Irú iṣẹ́ báyìí tí mo ti rí níbòmíràn, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n wá fi ọ̀dà kùn ún. Ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni ó gbówó lórí jù, kò sì pẹ́ rárá tí gbogbo rẹ̀ fi já bọ́ tí wọ́n gbá a sínú iná. Báwo ni mo ṣe lè ṣe tèmi tí yóò fi tọ́jọ́, tí ọmọ kankan kò ní fara pa, tí n kò sì ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí?

Oníṣẹ́ Ọnà, Adó-Èkìtì:
Ẹ kú làálàá, Olùkọ́. Bí ẹ ó ṣe so nǹkan pọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, kí ẹ máa rán an tàbí kí ẹ máa so ó. Gọ́ọ̀mù kì í mú ọ̀rá piọ́wọ́tà dáadáa, ọ̀dà kì í sì í pẹ́ kó tó ṣí lára rẹ̀. Ọ̀dà pàápàá kò pọn dandan, nítorí ìdérí ìgò ti ní àwọ̀ tirẹ̀. Kí ọmọ máa wo èyí tí yóò bá èyí mu, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọnà wà.

Ẹ wo El Anatsui, ará Gánà tí wọ́n bí ní 1944, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì tó wà ní Nsukka ní 1975. Ìdérí ìgò ọtí líle ni ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó ń ká, tí ó sì ń fi wáyà bàbà so ọ̀kan mọ́ èkejì títí yóò fi fẹ̀ bo odindi ògiri. Ní 2015, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tó ń wáyé ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni ìdérí tirẹ̀, kì í dógùn-ún. Irin ni ti mínírà tiwa, òjò kì í fi í sílẹ̀ lásán. Oòrùn náà máa ń mú ọ̀rá gbó títí yóò fi máa rún wẹ́wẹ́ sínú ilẹ̀. Nítorí náà, inú kíláàsì tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ gbé e kọ́.

Ní ti bí ẹ ó ṣe pín iṣẹ́ náà, ẹ̀yin ará Ìkéré kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley ní London ní 1924 tí kò sì padà wálé mọ́ (ó wà ní British Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní London), ojú-ojú ni ó pín in, àwòrán tirẹ̀ sì wà lójú kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé àpò ìrẹsì tó ti ṣófo sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ojú kan. Etí àpò tí a gé máa ń tú; ẹ ká a lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó rán an. Fọ́nrán tó bá sì tú yẹn náà ni òwú yín. Fún ìdérí, àgbàlagbà ni kí ó lu ihò: ẹ dojú rẹ̀ dé orí pákó, ẹ fi ìṣó lu ihò méjì láti òkè, kí ẹnu mímú lè wà nínú níbi tí ìka kò ti ní kàn án, ọmọ yóò wá rán an mọ́ àpò bí ẹni rán bọ́tìnnì. Ní ìparí, ẹ rán gbogbo ojú náà pọ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ìfàkì:
Olùkọ́ wa, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí ẹ sì sá a gbẹ lábẹ́ òjìji. Ẹ má gba bátìrì, ìgò fífọ́, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn tàbí ike oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó, bí wọ́n tilẹ̀ fọ̀ ọ́ títí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi àbẹ́là yọ́ ọ̀rá láti fi lẹ nǹkan. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìjerò:
Àbúrò mi ti Adó ti sọ ọ́ délẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni àwòrán tí ẹ ó yàn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àjápọ̀ aláwọ̀ púpọ̀ yóò kọ́kọ́ ronú kan ẹ̀kú eégún, ó sì rẹwà lóòótọ́, àmọ́ mo mọ irú ẹjọ́ tí òbí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí lè gbé wá bá ọ̀gá yín. Máàpù Èkìtì pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ 16, kí kálukú ní àwọ̀ tirẹ̀, kò ní fa àríyànjiyàn. Ẹ má sì ṣe ìdíje ẹni tó kó ìdérí wá jù. Wọn yóò kàn máa ra mínírà mu nítorí ìdérí ni.

Olùkọ́ Ìkéré:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Máàpù ni a ó ṣe. Kí ni kí n wá fi ike mínírà ṣe, torí ó pọ̀ rẹpẹtẹ?

Oníṣẹ́ Ọnà, Adó-Èkìtì:
Ẹ má fi sínú máàpù, yóò wúwo jù. Ẹ kó o fún àwọn tí ń ra ike. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú máàpù náà lọ́jọ́ iwájú, òwú nìkan ni ẹ ó gé: ìdérí yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ra ajákù irin, àpò yóò sì wà fún kíláàsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn.