Àtúnbí, ìdápadà àbí ìlọ́mọ́? Lórí orúkọ iṣẹ́ alùpùpù àtijọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Àbá tó wà nílẹ̀ fún àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá wa ni pé kí a máa pe gbogbo iṣẹ́ táwọn olólùfẹ́ alùpùpù àtijọ́ ń ṣe ní "àtúnbí alùpùpù", yálà wọ́n tú alùpùpù kékeré Honda C70 palẹ̀ kí wọ́n lè tò ó padà bó ṣe rí nígbà tó jẹ́ tuntun, tàbí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò tí wọ́n sì gbé Lifan, ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ mìíràn láti China, sí i. Mi ò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, ìrìbọmi àti ìsọjí ni "àtúnbí" ń gbé wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Iṣẹ́ méjì tí kò jọra ló fẹ́ fi orúkọ kan bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi C70 tó ń lo iná fóòtì (volt) 6 ṣe àpẹẹrẹ. Inú ẹbí Super Cub ló ti wá, ẹbí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, tí iye tí Honda ti ṣe nínú rẹ̀ sì pé mílíọ̀nù 100 ní 2017.

Iṣẹ́ kìíní ni mo ń pè ní ìdápadà. Ẹni tó ń dá C70 padà kì í béèrè bó ṣe máa sáré tó. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ló ń wá. Inú sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 47 mm, písítìn ń rìn 41.4 mm, ó sì já sí 71.8 cc. Bí sílíńdà bá ti jẹ, tó ń mu ọ́ìlì, tí èéfín búlúù ń jáde lẹ́yìn, oní-léètì á bọ́ọ̀ ọ, ìyẹn ni pé á fẹ inú rẹ̀, dé 47.5 mm, wọ́n á sì ra písítìn 0.50, èyí tó fi 0.50 mm fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, sí i. Ó ti di 73.4 cc nìyẹn. Ṣé ìdápadà ṣì ni? Òun náà ni, torí pé Honda fúnra rẹ̀ ló ṣe písítìn 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00 sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni àlàfo kọ́ńtáàkì tó ń mú púlọ́ọ̀gì ṣáná, tó gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.3 sí 0.4 mm, àti àlàfo tápẹ́ẹ̀tì tó ń ti fáàfù, 0.05 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹni tó bá fún tápẹ́ẹ̀tì há jù torí pé kò fẹ́ gbọ́ ariwo ń jó fáàfù rẹ̀ ni: ẹ́ńjìnnì á gbóná, fáàfù ò ní lè pa dé tán, kíìkì á sì fúyẹ́ lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí ti wà nílẹ̀ kí olùṣàtúnṣe tó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ "dá padà" ju "tún ṣe" lọ. Ẹni tó lẹ táyà pàápàá tún un ṣe.

Ẹnìkan béèrè bóyá "ìpẹtà" ni ká máa pe ohun tó ń jẹ táǹkì, àbí "ìpáàrà" bíi ti Bíbélì. Èyíkéyìí ló tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, irin a kàn máa "dógùn-ún" ni. Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra ni orúkọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ ọ́. Mo rí i tí ẹnìkan kọ ọ́ pé "ẹ fi iná wẹ táǹkì". Ẹ jọ̀ọ́! Táǹkì tó gba epo rí ni à ń sọ. "Iná mànàmáná" ni kí ẹ kọ, kí ẹ má gé e kúrú, kí ọmọ ènìyàn má baà ṣáná sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á fọ epo inú rẹ̀ kúrò pátápátá, wọ́n á po washing soda (sodium carbonate), síbí ìmùkọ kan sí omi lítà mẹ́rin, wọ́n á dà á kún táǹkì. Wọ́n á ti ọ̀pá irin lásán bọ ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ kó kan ara táǹkì. Nẹ́gétíìfù ṣájà bátìrì á lọ sára táǹkì, pọ́sítíìfù á lọ sára ọ̀pá. Ẹni tó bá yí méjèèjì padà, táǹkì rẹ̀ ni iná á máa jẹ dípò ọ̀pá. Wọn kì í lo stainless steel, torí májèlé ló ń tú sínú omi náà. Afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde lè gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá sì fọ̀ ọ́ tán tí wọn ò tètè gbẹ ẹ́ kí wọ́n fi ọ́ìlì pa á, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti tún pọ́n.

Iṣẹ́ kejì ni gbígbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i. Lifan tí wọ́n sábà máa ń lò dùbúlẹ̀ bíi ti Honda: 52.4 mm lórí 55.5 mm, ó jẹ́ 119.7 cc, wọ́n sì ń tà á ní 125. Bóòtù méjì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló gbé e kọ́ sára férémù, ó sì sábà máa ń wọlé láìgé nǹkankan. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Sprocket iwájú (irin roboto eléyín tó ń fa ṣéènì) tó ní eyín 14 ò ní tó mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo kí ọ̀nà tó jìnnà. 16 ni wọ́n ń fi sí i, bí ṣéènì 420 ò bá ní máa ha ilé ẹ́ńjìnnì. Ṣáàfù tí sprocket náà ń wọ̀ lè jẹ́ 17 mm tàbí 20 mm, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á. Bí Lifan náà bá jẹ́ èyí tó ń fẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́, ọwọ́ òsì C70 kò ní ibi tí wọ́n á fi í sí, torí Cub kì í lo irú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì gbé kábúrétọ̀ ńlá wọ̀ ọ́ láìyí jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá, afẹ́fẹ́ lè pọ̀ ju epo lọ, púlọ́ọ̀gì á funfun, písítìn á sì jóná.

Ìdápadà kọ́ nìyí. Ẹ sì má pe ẹ́ńjìnnì náà ní "ayédèrú" bí ẹnìkan ṣe ṣe. Orúkọ Lifan ló wà lára rẹ̀, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Sílíńdà tí wọ́n tẹ Honda sí lára nígbà tí kì í ṣe Honda ló ṣe é, ìyẹn ni ayédèrú. Èyí tó kàn jọ ti Honda tó sì jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, "àfijọ" ni. Tokunbọ̀ tó jẹ́ ti Honda gan-an ṣì jẹ́ "ojúlówó", bó tilẹ̀ ti gbó.

Orúkọ tí mo dábàá fún iṣẹ́ kejì ni "ìlọ́mọ́". Bí àgbẹ̀ ṣe ń lọ́ ọsàn mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn ni: gbòǹgbò ń jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀ka ń jẹ́ tirẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ò sì ní pa rẹ́. Alùpùpù náà á jẹ́ "alùpùpù ẹlẹ́ńjìnnì àlọ́mọ́". Kí ẹnikẹ́ni má gé e sí "àlọ́", kó má di ti ìjàpá.

*

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà pé iṣẹ́ méjì ni, àmọ́ "ìlọ́mọ́" ò wọ̀ mí létí. Àgbẹ̀ ń lọ́ nǹkan kí agbára gbòǹgbò lè ran ẹ̀ka lọ́wọ́. Nínú C70 tó gbé Lifan, gbòǹgbò ni ọ̀lẹ. Bíréèkì rẹ̀ jẹ́ dúróòmù 110 mm tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì 72 cc, búùṣì fọ́ọ̀kì iwájú sì ti jẹ kí Lifan tó dé. "Àgbéwọ̀" ni èmi fẹ́, torí ohun tí a gbé wọ̀, a lè bọ́ ọ. Bí a bá lè bọ́ Lifan kí a sì dá ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ padà láìfi ayùn tàbí iná wẹ́dà kan férémù, àgbéwọ̀ ni. Bí wọ́n bá ti gé férémù, ẹ máa pè é ní ìlọ́mọ́, mi ò ní jiyàn.

Ẹ sì gbàgbé ẹ̀kẹta. Ẹni tó fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tó yí iná fóòtì 6 sí 12, kí ni ẹ fẹ́ pè é? Kì í ṣe ìdápadà, kò sì gbé ohunkóhun wọ̀. Gílóòbù, fèrè, bátìrì àti fílásà gbọ́dọ̀ yí padà pọ̀, nítorí fóòtì 12 á jó gílóòbù fóòtì 6 lójú ẹsẹ̀. Ó tún ń fẹ́ régúlétọ̀ tí kò ní jẹ́ kí iná pọ̀ jù. "Ìmúbágbàmu" ni mo fi sílẹ̀ fún un ná.

Àwọn ará wa ní Britain mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, níbẹ̀, bí wọn ò bá ti yí i padà gidigidi láàárín 30 ọdún. Ìlànà náà sọ pé ẹ́ńjìnnì kan náà tí cc rẹ̀ yàtọ̀ kì í ṣe ìyípadà gidi, ṣùgbọ́n bí iye sílíńdà bá yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. A tún gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá yí padà, kí wọ́n lè kọ nọ́ńbà àti cc tuntun sínú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ ká yọ kúrò nínú àkójọ wa: "onínọ́ńbà-bára-mu" gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ́ńjìnnì kò tíì yí padà. Ara alùpùpù Triumph ti Britain ni wọ́n ti mú un wá, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ nọ́ńbà kan náà sára férémù àti ẹ́ńjìnnì. Ti C70 ò rí bẹ́ẹ̀. Férémù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C70, ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú C70E, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì lè yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú àkójọ, ẹni tó ń ra C70 tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí á máa rò pé wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn wọ̀ ọ́.