Ṣé èkùkẹ́ (ajá ìbílẹ̀ wa) lè bá àwọn ọmọ kéékèèké gbé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni à ń gbé, àwọn ọmọ wa méjèèjì kò sì tíì pé ọdún 7. Ọkọ mi fẹ́ Boerboel nítorí olè, ṣùgbọ́n ajá tí ó lè wọn kìlógíráàmù 60 lè gbá ọmọ ṣubú níbi tí ó ti ń ṣeré. A gba Lhasa Apso (ajá kékeré onírun gígùn) ẹ̀gbọ́n mi sọ́dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: irun rẹ̀ ta kókó, ooru sì mú un débi pé ilẹ̀ bálùwẹ̀ ni ó ń na ikùn sí lọ́sàn-án. Èkùkẹ́, tí ooru ti mọ́ lára, ni ó wù mí, àmọ́ ọkọ mi ní a kì í fowó ra irú ajá bẹ́ẹ̀ (bí ẹni pé olè máa ń béèrè iye tí a rà á). Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọ láti kékeré, tí ẹ sì fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ǹjẹ́ ọkàn yín balẹ̀ láti fi í sílé pẹ̀lú ọmọdé? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.