Géèmù tó ń fà lórí láptọ́ọ̀pù mi: ó ti yanjú o

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ rántí pé mo ké síta lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bsnes, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi Super Nintendo, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, ń sọ géèmù rẹ̀ di ìgbín lórí láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí mo rà ní Pánṣẹ́kẹ́. Orin rẹ̀ ń já wẹ́wẹ́ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú.

Ẹni tó ní kí n gbé Snes9x, ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, wò, ẹ kú làákàyè. Ó sáré! Àmọ́ mo ṣí géèmù Air Strike Patrol, mi ò rí òjìji ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ mọ́. Snes9x tó sáré yẹn máa ń ya odindi ìlà àwòrán kan lẹ́ẹ̀kan náà, géèmù yìí sì máa ń yí nǹkan padà nígbà tí ìlà ò tíì parí. bsnes ní tiẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ Super Nintendo ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni agbára láptọ́ọ̀pù ń wọlé sí. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí iyára ọpọlọ rẹ̀ ò ju 3.58 MHz lọ ló ń mú mi làágùn báyìí!

Àbúrò mi ní ta ló ń wo òjìji. Èmi ni mò ń wò ó o, òjìji yẹn ni mo fi ń mọ ibi tí mo wà.

Mo wá rí i pé tí iná bá lọ, láptọ́ọ̀pù máa ń dín eré kù kí bátìrì lè pẹ́. Nítorí náà, Snes9x ni mò ń lò fún gbogbo géèmù yòókù, bsnes di ti Air Strike Patrol nìkan, nígbà tí iná bá wà.

Mo ti pa ìbéèrè mi dé.