Igbá ni àbí àmù? Orúkọ tó yẹ buffer nínú driver kámẹ́rà

Ẹ kú iṣẹ́ o. "Ibi ìpamọ́ fún ìgbà díẹ̀" tí wọ́n dábàá bí orúkọ Yorùbá fún buffer, àyè mẹ́mọ́rì tí àwòrán ń gbà dé ọ̀dọ̀ ètò, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àlàyé ni, kì í ṣe orúkọ. Ó sì ń ṣi èèyàn lọ́nà: ẹni tó bá ń kọ driver kámẹ́rà (ètò tó ń darí ẹ̀rọ kámẹ́rà) fún Linux á rò pé inú driver ni àwòrán ń gbé, tí a ó kàn máa lọ bù níbẹ̀. (Dẹ́rẹ́bà mọ́tò ni tèmi mọ̀, ẹ jẹ́ kí driver ṣì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.)

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Àwòrán 640×480 ní YUYV, ọ̀nà kan tí a ń gbà kọ àwọ̀ píksẹ́lì, gba báìtì 614,400, méjì fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ètò tó fẹ́ gba fídíò á fi VIDIOC_REQBUFS (àṣẹ tí ètò ń fún driver ni gbogbo VIDIOC_) béèrè buffer, ká ní mẹ́rin, á fi mmap so wọ́n mọ́ mẹ́mọ́rì tirẹ̀, á wá fi VIDIOC_QBUF gbé wọn lé driver lọ́wọ́ lófìfo. Lẹ́yìn VIDIOC_STREAMON tó ń bẹ̀rẹ̀ fídíò, ẹ̀rọ á rọ àwòrán sínú ọ̀kan, driver á pe vb2_buffer_done láti sọ pé ó ti kún, VIDIOC_DQBUF á sì gbé kíkún wá. Bí a bá lò ó tán, QBUF lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí páànù kọnkéré ní ọjọ́ tí wọ́n ń da dẹ́kìn ló rí: kíkún ń gòkè, òfìfo ń sọ̀ kalẹ̀. Bí òfìfo bá há sókè, ẹni tó ń bu kọnkéré nísàlẹ̀ á káwọ́ gbera.

Igbá ni mo fẹ́ ká pè é. Àmù bá buffer ti serial port (ojú ihò tí dátà ń gbà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan) mu: a ń dà á sí i, a ń bù ú, ìkòkò kò kúrò ní igun rẹ̀, bó bá kún, omi dànù.

Èrè igbá ni pé ó ń mú ká béèrè pé, ọwọ́ ta ló wà? Ètò tí kò dá igbá padà, lẹ́yìn ìkẹrin, DQBUF á dúró gbọn-in, àwòrán á dì, iná kámẹ́rà á sì máa tàn. Ètò tó ṣì ń wo inú igbá lẹ́yìn QBUF á rí ìdajì àwòrán tuntun lórí ìdajì ti àtijọ́.

Nínú driver, buf_queue ló ń to igbá sórí ìlà, interrupt handler (kóòdù tó ń dá ẹ̀rọ lóhùn nígbà tó bá pè) ló ń mú un kúrò; nítorí náà dandan ni spin_lock_irqsave, àgádágodo tí kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì fọwọ́ kan ìlà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù ni stop_streaming, níbi tí driver ti ń dá fídíò dúró. Ẹ dá DMA (bí ẹ̀rọ ṣe ń rọ àwòrán sí mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀) dúró ná, kí ẹ tó fi VB2_BUF_STATE_ERROR dá gbogbo igbá tó wà lọ́wọ́ yín padà, títí kan èyí tí ẹ̀rọ ń rọ àwòrán sí lọ́wọ́. Bí start_streaming, tó ń bẹ̀rẹ̀ fídíò, bá kùnà, VB2_BUF_STATE_QUEUED ni ẹ ó fi dá wọn padà, kì í ṣe ERROR. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, kernel, ọkàn Linux, á pariwo nínú dmesg, àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Èsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Igbá dùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. "Igba 4" nínú àlàyé kóòdù lè di igba mẹ́rin, 800! Mo dábàá igbá-àwòrán. Plane, apá kan àwòrán tó ní àyè mẹ́mọ́rì tirẹ̀, wá ń kọ́? Nínú NV12M, ọ̀nà míì tí a ń gbà kọ àwòrán, Y (ìmọ́lẹ̀) dá wà, CbCr (àwọ̀) dá wà, buffer kan náà ni.

Èsì:

Igbá-àwòrán, mo gbà. Fún plane, awẹ́ bíi ti obì: igbá-àwòrán aláwẹ́ méjì. Ní 640×480, Y jẹ́ báìtì 307,200, CbCr 153,600. Nínú driver, kí queue_setup, tó ń ṣètò igbá, sọ iye awẹ́ àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí buf_prepare sì fi vb2_plane_size yẹ awẹ́ méjèèjì wò. Awẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò.