Ilẹ̀ tí wọ́n ti fọ́ bátìrì rí: ṣé ìgbẹ́ adìyẹ lè wẹ̀ ẹ́ mọ́?

Ìyá Wàlíù (Ọ̀dọ̀gúnyàn, Ìkòròdú): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra àbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó tà á fún mi ò sọ pé wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ níbẹ̀ rí. Ìgbà tí mo ń kọ ebè ni ọkọ́ mi ń kan èèpo bátìrì dúdú, mo tún ń rí nǹkan pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú kan, kékeré, àmọ́ ó wúwo lọ́wọ́ bí òkúta ńlá. Igun kan wà tí koríko pàápàá kì í hù. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí ìyókù, ó hù dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí n tà á. Aládùúgbò mi ní kí n da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, pé á jẹ májèlé náà tán láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣé òótọ́ ni? Àwọn ọmọ mi méjì máa ń tẹ̀lé mi débẹ̀, àbúrò ò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Bàbá Ẹlẹ́dìyẹ (Ìmọ̀tà): Ẹ dà á sí i jàre! Ilẹ̀ tèmi ti ṣá pátápátá tẹ́lẹ̀. Ọdún kejì tí mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, àgbàdo ga jù mí lọ. Ẹ wá kó lọ́dọ̀ mi, ọ̀fẹ́ ni, owó ọkọ̀ nìkan lẹ máa san.

Ọmọ Agíríìkì: Bàbá, ẹ má bínú, ilẹ̀ tó ṣá yàtọ̀ sí ilẹ̀ tó ní òjé. Òjé ló wà nínú bátìrì, òjé yẹn gan-an táwọn ọlọ́bàtálá fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Kì í jẹrà. Kòkòrò inú ilẹ̀ lè jẹ epo tó dà sílẹ̀, kò sí èyí tó lè jẹ òjé. Iye tó wà níbẹ̀ lónìí ló máa wà níbẹ̀ tí Wàlíù á fi di bàbá àgbà.

Ohun tí ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa ń ṣe ni pé ó ń so òjé mọ́ra, kò ní jẹ́ kó yọ́ sínú omi tí gbòǹgbò ń mu. Omi bátìrì sì ti mú kí ilẹ̀ yẹn kan, kíkan yẹn ló ń jẹ́ kí òjé máa yọ́. Ìdí nìyẹn tí eérú igi fi wúlò, ó ń pa kíkan náà. Eegun màlúù tí wọ́n sun tí wọ́n sì lọ̀ kúnná tún dáa: fọ́sífétì inú rẹ̀ àti òjé á jọ di nǹkan líle tí kì í tètè yọ́.

Kìlò méjì ajílẹ̀ fún mítà kan níbùú lóròó. Tí pulọ́ọ̀tì yín bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà méjèèjì, ẹ wá nǹkan bí àpò 13 tó jẹ́ kìlò 50. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ kó ti ààtàn ìlú o! Bátìrì rédíò àti páànù ti jẹrà mọ́ ọn, òjé lẹ máa fi kún òjé.

Ìyá Wàlíù: Háà. Tí mo bá ti dà á, ṣé mo lè máa gbin ẹ̀fọ́ mi lọ?

Ọmọ Agíríìkì: Rárá, ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ náà wò. Ẹ̀fọ́ àti ohun tó ń ta nínú ilẹ̀ ló burú jù, torí eruku ń lẹ̀ mọ́ wọn. Ilá, ata àti àgbàdo kì í gbà á tó bẹ́ẹ̀ sínú èso. Igun tí koríko ò hù yẹn, ẹ má gbin ohunkóhun sí i, ẹ bò ó.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dè: Ẹ fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ ná, ọmọ ń kọ́? Ọmọdé ń fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ń ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ẹ rántí Zamfara ní 2010: níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tó ní òjé nínú ní agboolé ni òjé ti pa ọmọ tó lé ní 400. Ẹ mú àwọn méjèèjì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ má dúró de àìsàn. Ẹ bọ́ bàtà oko síta. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Bàbá Ẹlẹ́dìyẹ: Ọ̀rọ̀ yìí ga o. Tí mo bá kó adìyẹ díẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Agíríìkì: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Inú ẹyin ni òjé náà máa gbà jáde.

Ìyá Wàlíù, ẹ gbẹ́ ojú ibi mẹ́wàá, kó jìn tó ìbú ọwọ́ méjì, ẹ pò ó pọ̀ nínú ike, ẹ sá a síbi tí òòrùn ò pa. Ìdajì kìlò tó. Ti igun yẹn, ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ dì í. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ sọ fún wọn pé òjé lẹ fẹ́ mọ̀, kí wọ́n má lọ yẹ ọ̀rá ilẹ̀ nìkan wò fún yín.

Ìyá Wàlíù: Mo ti dì í sínú nylon méjì, àbúrò mi á gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀la la máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀. Mo ti fa gbogbo tẹ̀tẹ̀ náà tu. Ibo ni kí n kó o sí?

Ọmọ Agíríìkì: Ẹ má dáná sun ún, ẹ má dà á mọ́ ajílẹ̀, ẹ má fún ẹran jẹ. Ẹ dì í sínú àpò ná, títí èsì á fi dé.

Ìyá Wàlíù: Ewúrẹ́ aládùúgbò yẹn ti jẹ níbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n lọ kan ilẹ̀kùn wọn.